Ta Ló Ni Ajá Yìí? Àlàyé Lórí Iṣẹ́ Ilé Ààbò Ẹran

Abẹ́ ọkọ̀ àlòkù kan tí ó ti jókòó sójú kan fún ọdún pípẹ́, nínú ọgbà mẹkáníìkì kan ní Gáà-Akanbí, Ìlọrin, ni abo ajá pupa kan bí ọmọ mẹ́fà sí. Mo bi ọ̀gá mẹkáníìkì léèrè pé ta ló ni ajá náà, ó ní òun kò mọ̀. Mo bi ìyá tí ń ta wàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà náà, ó ní ajá mẹkáníìkì ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ajá ìgboro ni. Síbẹ̀, abọ́ róbà kan wà nídìí táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, èérún ẹ̀bà àti egungun ẹja wà nínú rẹ̀, omi sì wà nínú agolo kan tí wọ́n gé lórí. Ẹnì kan ń bọ́ ọ, bóyá ju ẹnì kan lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí a ka ajá náà mọ́ òun lọ́rùn.

Ìbéèrè yẹn, "Ta ló ni ín?", ni iṣẹ́ ilé ààbò ẹran ti ń bẹ̀rẹ̀, òun náà ni ó sì ń parí sí. Mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú wa, n kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí pé ohun tó yàtọ̀ síra ni a máa ń pò pọ̀. Àwọn kan rò pé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń sin ajá òyìnbó fún títà ni. Àwọn kan gbà pé ilé ìwòsàn ẹran ni, níbi tí a ń gbé ajá aláìsàn lọ, tí a ó sanwó, tí a ó sì gbé e padà sílé. Àwọn àgbàlagbà rántí ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ máa ń so ewúrẹ́ àti àgùntàn tó ń jẹ̀ kiri ìgboro mọ́, títí olówó rẹ̀ yóò fi wá san owó ìtanràn. Àwọn tó kù kì í sọ tiwọn jáde tààrà, ṣùgbọ́n wọn yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn yóò sì béèrè pé ẹran tí ẹ ń kó jọ yẹn, ibo gan-an ni ó máa ń já sí.

Ilé ààbò ẹran ni ibi tí a ti ń gba ẹran tí kò ní olùtọ́jú, tàbí èyí tí agbára olówó rẹ̀ kò ká a mọ́, tí a ti ń wò ó sàn, tí a ti ń fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí a sì ń wá ẹni tí yóò fọwọ́ sí i pé òun ni olówó rẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Kì í sin ajá tà, kò sì gbọdọ̀ di àgọ́ tí ẹran ń wọ̀ tí kì í jáde mọ́. Bí ilé kan bá kó ogójì ajá jọ lónìí, tí ogójì náà ṣì wà níbẹ̀ ní ọdún méjì òní, ìyà ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ń tò jọ, bó ti wù kí àánú tó bí i pọ̀ tó.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni irú ilé yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1860, obìnrin kan tí ń jẹ́ Mary Tealby ṣí ọ̀kan sí Holloway ní Lọ́ńdọ́nù fún àwọn ajá tó sọnù àti àwọn tí ebi ń pa kú lójú títì. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Ní ọdún 1871 ilé náà kó lọ sí Battersea, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Irú yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa ní Ìlọrin: ṣé ènìyàn ti jẹun yó tán, tí a ó fi máa wá ilé fún ajá? Ìbéèrè gidi ni, n kò sì ní fò ó. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ dìgbòlugi tí n ó dé láìpẹ́.

Bí ẹ bá gbé ọmọ ajá kan dé ẹnu ọ̀nà ilé ààbò, ìbéèrè ni wọn yóò kọ́kọ́ fi pàdé yín, èyí sì máa ń bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Níbo ni ẹ ti rí i? Ṣé ẹ ti béèrè ní àwọn ojúlé tó yí ibẹ̀ ká? Ǹjẹ́ ó ti gé ẹnikẹ́ni jẹ? Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè ni pé púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní ajá ìgboro ni ó ní ilé. Àṣà wa ni láti tú ajá sílẹ̀ láàárọ̀ kí ó lọ wá nǹkan jẹ, kí ó sì padà wá ṣọ́lé lálẹ́. Ẹni tí ó bá gbé irú ajá bẹ́ẹ̀ lọ rò pé òun ṣàánú, ṣùgbọ́n olè ni olówó rẹ̀ yóò pè é. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ilé ààbò ń ṣe fún àdúgbò ni dídá ajá tó ṣìnà padà fún olówó rẹ̀, kò sì sí ohun tó rọrùn, tó sì dínwó, tó èyí, bí okùn bá wà lọ́rùn ajá náà tí nọ́ńbà fóònù sì wà lára okùn náà.

Ìdí kejì ni àrùn. Àwọn tí ń sin ajá mọ parvo dáadáa: ọmọ ajá yóò kọ oúnjẹ, yóò máa bì, yóò máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kòkòrò àrùn náà lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, bí ọmọ ajá kan ṣoṣo bá sì gbé e wọlé, ó lè pa gbogbo ọmọ ajá tó wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ya àlejò sọ́tọ̀, tí ẹni tó bá tọ́jú rẹ̀ fi ń ti bàtà rẹ̀ bọ inú omi Hypo kí ó tó wọ ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Bí yàrá ìyàsọ́tọ̀ bá ti kún, wọn yóò ní kí ẹ dúró díẹ̀. Ẹni tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún kò gbọdọ̀ rò pé wọ́n kọ òun.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó máa ń fa àríyànjiyàn jù. Ilé ààbò kì í ra ajá. Bí ó bá ra ẹyọ kan ní ọjọ́ Ajé, kí ọjọ́ Ẹtì tó dé, àwọn kan yóò ti máa jí ajá gbé nínú ọgbà olọ́gbà láti wá tà fún un. Ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ gba ajá lọ sílé yóò san owó díẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin tí ẹ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ wá ń tà á fún wa?" Owó náà kì í sábà tó iye tí abẹ́rẹ́, oògùn aràn, iṣẹ́ abẹ àti oúnjẹ ti gbà lọ́wọ́ wọn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni tí kò lè san ìwọ̀nba yẹn lónìí kò ní rí owó abẹ́rẹ́ san ní ọdún tó ń bọ̀, ajá tí wọ́n sì gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láàárọ̀ lè dé ọjà kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Wọn yóò tún béèrè bóyá onílé yín fọwọ́ sí i. Ní Táńkè àti Òkè-Odò, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin ń gbé, ìbéèrè yìí ṣe kókó. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ra ọmọ ajá nígbà tí ó wà ní ọdún kejì, yóò ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, yóò fún un lórúkọ tó wuyì. Nígbà tí ìwé àgùnbánirọ̀ bá dé, ajá náà ti di nǹkan ńlá, ọkọ̀ akérò kò gbà á, òbí kò fẹ́ ẹ nílé, onílé sì ti ní kí wọ́n palẹ̀ yàrá mọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá ránṣẹ́ sí ilé ààbò ní oṣù méjì ṣáájú, wọ́n lè bá a wá ẹlòmíràn tí yóò gba ajá náà lọ́wọ́ sí ọwọ́, láìjẹ́ pé ó sun kéèjì lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọjọ́ tí wọ́n ń di ẹrù ni púpọ̀ nínú wọn máa ń pè.

Ẹ jẹ́ kí n wá dúró díẹ̀ lórí dìgbòlugi, nítorí ibẹ̀ ni ilé ààbò ẹran ti ń ṣe ènìyàn lóore jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún, púpọ̀ wọn ní Áfíríkà àti Éṣíà. Nínú ènìyàn 100 tó bá kó o, nǹkan bí 99 ló jẹ́ pé ara ajá ni wọ́n ti kó o. Nínú 100 tí ẹran tí a fura sí bá sì gé jẹ, nǹkan bí 40 ni wọ́n jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, nítorí àwọn ọmọ ló ń bá ajá ṣeré, àwọn náà ló sì máa ń fi í pamọ́ fún òbí kí wọ́n má baà jẹ ìbáwí. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí í yè é. Ohun tó ṣeni láàánú ni pé àyè ìgbàlà wà: àrùn náà sábà máa ń lò tó oṣù méjì sí mẹ́ta nínú ara kí ó tó farahàn, bó tilẹ̀ lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, abẹ́rẹ́ tí a bá sì tètè gbà ní kíkún máa ń dènà rẹ̀.

Bí ajá bá gé ọmọ yín jẹ, ìṣẹ́jú 15 gbáko ni kí ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà. Ẹ wo aago nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, nítorí ó pẹ́ ju bí a ti ń rò lọ. Bùtà kan yóò tán, ẹ ó bu òmíràn, ọmọ náà yóò ti sunkún títí tí ohùn rẹ̀ yóò fi há, ìṣẹ́jú 15 kò sì ní tíì pé. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi ata sí i, ẹ má sì sun irun ajá náà kí ẹ fi lẹ ojú ọgbẹ́, bí àwọn kan ti máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì parí gbogbo abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá là sílẹ̀, nítorí ẹyọ kan kò tó.

Ajá tó gé e jẹ ńkọ́? Ohun tí a mọ̀ ládùúgbò ni igi àti òkò. Ṣùgbọ́n bí a bá lè so ajá náà mọ́, kí a sì ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10, ó níye lórí púpọ̀: ajá tí àrùn náà bá ti wà nínú itọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tó gé ènìyàn jẹ yóò ṣàìsàn tàbí kí ó kú láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Bí ó bá ṣì ń jẹun, tó ń gbó, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ní ọjọ́ kọkànlá, ọkàn gbogbo ilé balẹ̀. Ta wá ni yóò gba irú ajá bẹ́ẹ̀ sílé fún ọjọ́ 10? Ilé ààbò tó ní kéèjì tó lágbára, tí dókítà ẹran sì ń bójú tó, ni. Bí ó bá sì kú, ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ní irú ibi bí ilé ìwádìí ìṣègùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jos. Àwọn tó fi òkúta fọ́ orí ajá ti fọ́ ẹ̀rí náà mọ́ ọn.

Láti dá dìgbòlugi dúró ní ìlú kan, ìdá 70 nínú 100 ajá ibẹ̀ ló yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́. Bí ajá mẹ́wàá bá wà ní òpópónà yín, méje nìyẹn. Àwọn kan á ní ṣé kò wá ní rọrùn láti kó gbogbo ajá ìgboro pa? Wọ́n ti dán an wò ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, kò sì dá àrùn náà dúró. Ajá tí ọwọ́ kọ́kọ́ máa ń tẹ̀ ni èyí tí kò sá fún ènìyàn, tí ó ṣeé ṣe kí ó ti gba abẹ́rẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn ajá wọn yóò gbé e pamọ́. Àkìtàn tó ń bọ́ àwọn tó kú kò kúrò níbẹ̀, nítorí náà àwọn ajá mìíràn tí kò gba nǹkan kan yóò wọlé wá láti àdúgbò kejì, wọn yóò sì máa bímọ. Abo ajá máa ń wá akọ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, oyún rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọjọ́ 63 lọ.

Ibí yìí ni ohun tó ń rú àwọn ènìyàn lójú jù wà. Ilé ààbò yóò wá mú ajá ìgboro, wọn yóò fún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá bí ó bá jẹ́ akọ, tàbí kí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ bí ó bá jẹ́ abo, wọn yóò gé ṣóńṣó etí rẹ̀ díẹ̀ nígbà tí oògùn oorun ṣì wà lára rẹ̀, kí ẹni tó bá rí i lókèèrè lè mọ̀ pé wọ́n ti ṣe tirẹ̀, wọn yóò sì gbé e padà síbi tí wọ́n ti mú un. Àwọn ará àdúgbò yóò ní wọ́n tan àwọn jẹ. Ajá tí wọ́n dá padà yẹn ni ó di àyè rẹ̀ mú: kò ní bímọ mọ́, kò ní kó dìgbòlugi ràn wọ́n níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń tún abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbà nígbà tó yẹ, kò sì ní fẹ́ kí ajá àjèjì wá bá a jẹun lórí àkìtàn náà. Títẹ ẹran lọ́dàá kò sì ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó ń bọ́ òbúkọ mọ ohun tí mo ń sọ.

Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú wa ní Ìlọrin, ìbéèrè tí ó sì máa ń yọjú lẹ́yìn gbogbo àlàyé yìí ni ti itọ́ ajá. Èmi kì í ṣe ààfáà, ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ni mo ń sọ: ní ìlànà Màlíkì tí à ń tẹ̀lé, itọ́ ajá kì í ṣe ẹ̀gbin fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n abọ́ tí ajá bá ti ẹnu bọ̀, ẹ̀ẹ̀méje ni a ń fọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìjọsìn. Ajá ọdẹ, ajá ẹran ọ̀sìn àti ajá oko ní àyè tiwọn, hàdíìsì ọkùnrin tó fi bàtà rẹ̀ fa omi nínú kànga fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, tí Ọlọ́hun sì tìtorí rẹ̀ forí jì í, kò sì ṣàjèjì sí ẹni tó ti jókòó níbi wáàsí. Ilé ààbò tó bá fẹ́ kí àdúgbò gba òun láyè ní ìlú yìí yóò ní aṣọ iṣẹ́ lọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ibi tí wọ́n ti ń wẹ ajá jìnnà sí ibi àlùwàlá. Ọ̀rọ̀ ológbò kò tilẹ̀ nílò àlàyé, nítorí kò sí ilé tó ń tọ́jú àgbàdo tí kò fẹ́ ẹ. Ewu tiwọn ni eku tó ti jẹ òògùn eku: ológbò tó bá pa á jẹ lè bá a lọ.

Ní gúúsù Kwara, láàárín àwọn Ìgbómìnà, ìṣòro ibẹ̀ yàtọ̀. Ọdẹ mọ ajá rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè olówó. Ọ̀nà jíjìn ni wàhálà tiwọn, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù láti ibi tí wọ́n ti gbé e títí dé ara ajá. Ilé ààbò tàbí dókítà ẹran tó bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ yóò gbé kúlà àti yìnyín dìde, yóò lọ bá wọn nílé. Mo tẹ̀ lé irú wọn lọ sí abúlé kan tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́-Ìpo. Káàdì kọ̀ọ̀kan ní àyè orúkọ ajá. Bàbá ọdẹ kan fa ajá dúdú kan wá, ó ní orúkọ rẹ̀ ni Kò-sí-tiwọn-ńbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ káàdì gbójú sókè. "Bàbá, ṣé kí n kọ gbogbo rẹ̀?" Bàbá ní, "Ẹ kọ ọ́ bí mo ṣe pè é." Bàbá kejì, aládùúgbò rẹ̀, dúró lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ó ń wo ilẹ̀. Nígbà tí ó kàn án, wọ́n béèrè orúkọ ajá tirẹ̀. Ó ní, "Mi-ò-dá-wọn-lóhùn." Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín, àwọn ajá méjèèjì sì gba abẹ́rẹ́ wọn láìjà.

N kò ní fi ohun kan pamọ́: kì í ṣe gbogbo ẹran tó wọ ilé ààbò ló ń jáde láàyè. Ajá tí ọkọ̀ ti fọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá àtúnṣe, tàbí èyí tí àmì dìgbòlugi ti hàn lára rẹ̀, dókítà yóò fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn lọ láìjẹ ìrora. Ilé tó bá sọ fún yín pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí lọ́dọ̀ òun, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa.

Bí kò bá sí irú ilé bẹ́ẹ̀ nítòsí yín, iṣẹ́ náà ṣì ṣeé ṣe. Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka tí ń kọ́ àwọn dókítà ẹran àti ilé ìwòsàn ẹran tó so mọ́ ọn. Ìdílé mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ó ní àyè lẹ́yìnkùlé lè pín ẹran gbà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí wọn yóò fi rí olówó gidi. Ọ̀nà yẹn ni a gbà fún àwọn ọmọ mẹ́fà abẹ́ ọkọ̀ Gáà-Akanbí. Nígbà tí wọ́n pé oṣù mẹ́ta, wọ́n gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, wọ́n sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn tó ti fọwọ́ síwèé.

Ìyá wọn ni ó kù. Wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀, wọ́n gé etí rẹ̀ ní ṣóńṣó, mo sì gbé e padà sí ọgbà mẹkáníìkì ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbóòórùn táyà ẹ̀yìn, ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Mo mú káàdì jáde, mo ka àwọn ìlà rẹ̀ sókè fún ọ̀gá mẹkáníìkì: àwọ̀, abo tàbí akọ, ọjọ́ tí ó gba abẹ́rẹ́. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n kọ "olówó ajá" sí, mo dákẹ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà, ó wo abẹ́ ọkọ̀ náà, ó sì ní kí n kọ nọ́ńbà fóònù òun síbẹ̀.